Omi Iyọ̀ Àárọ̀ àti Ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà

Ọmọ mi lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n máa fi kọ́ wọn ní wíwa ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ó gbé báàgì méjì, ó fi àwọn ẹranko omi rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ń pè ní asólótù sílẹ̀ fún mi nínú àpótí dígí wọn, ó sì lẹ ìwé ojú méjì mọ́ ara fíríìjì. Omi wọn ò gbọdọ̀ gbóná ju dígírì méjìdínlógún lọ. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn nínú ike di ọjọ́ kejì kí n tó dà á fún wọn. Ekòló méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọjọ́ méjì méjì. Ohun tí wọn ò bá jẹ, kí n kó o kúrò láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn: Tí nǹkan kan bá ṣe wọ́n, ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó ní kí n máa kọ ìwọ̀n omi sílẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ da ìwé rìsíìtì àtijọ́ kan nù níbi iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ níní. Òun ni mò ń kọ ọ́ sí yìí.

Omi: 18.

Ọjọ́rú, 6

Omi: 18. Agolo ekòló kan: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án.

Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń bá wa gbé, kò sì tíì wo inú àpótí náà dáadáa rí. Lónìí ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Àbúrò, kí gan-an nìyí? Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ìrù ẹja, ó tún kọ́ ìyẹ́ sọ́rùn bí ẹni tó ń lọ síbi àríyá."

"Inú omi ni wọ́n ń gbé títí ayé wọn. Ìyẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń mí."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

"Bí ẹnu wọn ṣe rí nìyẹn."

"Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí." Ó wo ìwé tí mò ń kọ. "Ta ló ń fi ṣẹ́ẹ̀tì ka owó?"

"Ẹni tí wọ́n ń san owó fún lórí ṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tó bá lọ̀."

Èyí tó funfun ni Aláfẹ́. Èyí tó dúdú ni Ọlọ́dẹ, nítorí kò sí ìpéǹpéjú lójú wọn, ọmọ mi sì ní òun ò tíì rí ẹni tó lajú ṣọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹyin lásán ni wọ́n nígbà tó rà wọ́n ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí ẹyin náà pa, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Omi: 19.

Ó pè lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń dá fóònù padà fún wọn.

"Dádì, báwo ni wọ́n?"

"O ò kọ́kọ́ bèèrè èmi."

"Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù, mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè."

Mo ka nọ́ńbà fún un láti ọjọ́ Ajé. Ó ní mọ́kàndínlógún ti ń lọ síbi tí kò dáa. Kí n máa fi ìgò ike di omi nínú firísà, kí n máa jù ú sínú omi wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgò mẹ́rin, mi ò ra ìkankan.

Ọjọ́rú, 13

Omi: 22 nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́. Ooru yìí ò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Áyọ́ọ̀nù mẹ́fà ń jó lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá kan, fèrèsé kan ṣoṣo. Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, mo wá délé, mo ti fáànù mi kúrò ní yàrá, mo kọjú rẹ̀ sí omi wọn. Ìwé ìròyìn ni èmi fi ń fẹ́ ara mi.

Mo fún wọn ní ekòló mẹ́rin láàárọ̀, wọ́n jẹ méjì. Mo fi méjì tó kù sílẹ̀ fún wọn. Oúnjẹ tó ṣì dára, kò sí ìdí tí màá fi dà á nù. Wọ́n á jẹ ẹ́ tó bá yá.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Omi: 23. Ó ń rùn. Mo rí ààbọ̀ ekòló kan lábẹ́ páìpù tí wọ́n máa ń sá wọ̀, ó ti jẹrà.

Nǹkan funfun kan wà lára ìyẹ́ ọrùn òsì Aláfẹ́. Mo rò pé òwú tó gbọ̀n kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi ni. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n. Kò gbọ̀n. Mo súnmọ́ ọn, mo fi gíláàsì ojú mi wò ó. Kò bà lé e lára, ó hù lára rẹ̀ ni, bí irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo tọ ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lọ. Ọkọ̀ méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ. Mo fi fọ́tò hàn án.

"Bàbá, fọ́ńgọ́sì nìyí."

"Mo ti fura pé kì í ṣe òwú."

"Omi yín tó dígírì mélòó?"

"Mẹ́tàlélógún."

Ó wò mí lójú. "Ṣé ẹ fẹ́ sè wọ́n ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kà á: ooru, omi tó dọ̀tí, oúnjẹ tó rà sínú omi, ojú ọgbẹ́ tí èèyàn ò tiẹ̀ rí. Ó bi mí pé èwo ni ò sí nílé wa níbẹ̀. Mo ní ti ọgbẹ́ nìkan ni mi ò mọ̀.

Ohun tó ní kí n ṣe: iyọ̀ òkúta tí wọn ò fi nǹkan kan sí, ṣíbí tíì méjì sí lítà omi tútù kan. Kí n gbé e sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí n dúró tì í, tó bá ń fò kiri kí n gbé e jáde.

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹ yà á sọ́tọ̀. Omi tó mọ́ tó sì tutù ni oògùn tirẹ̀."

Àpò iyọ̀ kan: ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Abọ́ ike: ṣẹ́ẹ̀tì márùn-ún. Ó ní kí n ra abọ́ méjì. Mo ra ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Omi: 20. Aláfẹ́ wà nínú ike ìfọṣọ wa báyìí, Ọlọ́dẹ nìkan ló kù nínú àpótí. Mo bẹ̀rẹ̀ omi iyọ̀ láàárọ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó bu omi sí mi nímú, lẹ́yìn náà ó dúró bí ẹni tí wọ́n ń fá lórí.

Ọmọ mi pè.

"Báwo ni wọ́n?"

"Wọ́n wà."

"Ṣé wọ́n ń jẹun?"

"Wọ́n ń jẹun."

Ó ní wọ́n máa dán àwọn wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ò sì tíì mọ bíréèkì tẹ̀ dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé tó bá gbọ́, á gbé báàgì rẹ̀ máa bọ̀ wá sílé.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "O ṣì mọ irọ́ pa, àbúrò. Mo rò pé o ti gbàgbé."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Omi: 19. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú méjìlá. Ọ̀gá wo agogo ògiri, kò wo èmi.

Lítà mẹ́rin ni mò ń lò lẹ́ẹ̀kan, ṣíbí mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Omi náà ti sùn nínú ike, ó tún ti tutù nínú fíríìjì, iná ló sì ń mú un tutù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí n wá dà á sí ibi ìdaminù, nígbà tí nǹkan kan ò bà á jẹ́. Omi náà ṣì mọ́, mo lè ka ìwé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo ro ó dáadáa. Tí iyọ̀ bá lè lé òwú náà kúrò lára ẹni tó ń ṣàìsàn, kò ní jẹ́ kó dé ara ẹni tí ara rẹ̀ dá. Mo gbé Aláfẹ́ jáde, mo gbé Ọlọ́dẹ sínú omi kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo lo omi kan fún àwọn méjèèjì. Inú mi dùn sí ara mi lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 22

Omi: 19. Òwú ara Aláfẹ́ ti dín kù sí ìdajì. Ó jẹ ekòló kan.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Omi: 18. Kò sí òwú lára Aláfẹ́ mọ́ rárá. Mo wo ìyẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ yìí ni omi iyọ̀ tó gbẹ̀yìn fún àwọn méjèèjì.

Ọmọ mi yege ìdánwò àkọ́kọ́. Ó ní ọ̀gá àwọn ní òun ń tẹ bíréèkì bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba ara mi gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Omi: 18. Òwú wà lára Ọlọ́dẹ. Ó wà lára ìyẹ́ ọrùn ọ̀tún, èyí tó wà láàárín, àti ìka ẹsẹ̀ iwájú kan.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo gbé e sínú omi tí Aláfẹ́ ti wẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá, ṣíbí mẹ́jọ mẹ́jọ, iyọ̀ ṣíbí méjìdínláàdọ́rùn-ún ni mo fi pamọ́. Kò tó ìlàjì àpò.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó bá mi nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Mo sọ fún un.

"Àbúrò, omi tí o bá wẹ̀ tán, ṣé o lè gbé e wá pé kí èmi náà wẹ̀?"

"Rárá."

"Ó dáa."

Ó lọ gbé ìgò omi dídì wá.

Ọjọ́bọ̀, 28

Omi: 18. Òwú ti mú ìyẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọwọ́ ọ̀tún. Kò jẹun. Ní ibi iṣẹ́ mo jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, tẹni tó ń bọ̀ wá mú un ní aago mẹ́rin. Wọ́n yọ ogún ṣẹ́ẹ̀tì nínú owó mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ẹlẹ́ja gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì.

"Bàbá, abọ́ mélòó ni mo ní kí ẹ rà?"

"Méjì."

"Mélòó lẹ rà?"

Mo na ìka kan sókè.

"Nǹkan kan ń yọ̀ lára wọn, ẹ ti fọwọ́ kàn án. Òun ni aṣọ wọn. Iyọ̀ ń bọ́ aṣọ yẹn. Ẹni tó ń ṣàìsàn, à ń bọ́ ọ kí àìsàn lè bá aṣọ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ bọ́ ọ sí ìhòòhò, ẹ wá jù ú sínú omi tí àìsàn wà."

"Ó ti yé mi."

"Ìgbà mélòó?"

"Mọ́kànlá."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó gbé ìgò oògùn aláwọ̀ búlúù kan wá. "Èyí kì í ṣe búlúù tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun níbi iṣẹ́ yín o."

"Mo mọ̀."

"Mi ò lè dá a mọ̀ mọ́, ohun tí ẹ mọ̀ àti ohun tí ẹ ò mọ̀."

Oògùn: ṣẹ́ẹ̀tì méjìlélógún. Abọ́ méjì onídèérí: mẹ́rìnlá. Àwọ̀n kékeré méjì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: mẹ́fà. Mi ò ní kó dín in kù. Lẹ́nu ọ̀nà ó ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó ni ín." Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ìyẹn le jù."

Ọjọ́ Àìkú, 31

Omi àpótí: 18.

Ó pè ní aago méjì. Mo ti jókòó ti fóònù láti aago kan.

"Dádì, báwo ni wọ́n?"

"Aláfẹ́ ṣàìsàn, ó ti yá. Ọlọ́dẹ ò yá."

Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Mo gbọ́ tó ń rìn kúrò lọ́dọ̀ wọn.

"Láti ìgbà wo?"

"Aláfẹ́, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọlọ́dẹ, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n."

"Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, o bi mí."

Mo sọ ti omi iyọ̀ fún un. Mi ò yí i po. Mo sọ iye ìgbà, mo sọ iye ṣíbí.

"Ẹ fẹ́ fi iyọ̀ pamọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo gbọ́ tó ń fa imú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ yí padà, ó dà bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ẹ ka gbogbo nọ́ńbà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo kà á. Ó dá mi dúró lórí ọjọ́ kẹtàlá, ó ní kí n tún un kà, ekòló tí mo fi sílẹ̀ yẹn. Mo tún un kà. Ó ní kí n máa bá a lọ.

"Ẹ gbé e sínú fíríìjì."

"Ẹni wo?"

"Ọlọ́dẹ. Inú abọ́ tó ní ìdérí, kí omi bò ó lẹ́yìn dáadáa. Dígírì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kì í pa wọ́n, ó kàn máa ń mú kí ara wọn falẹ̀ ni, òwú yẹn náà á sì falẹ̀. Ẹ da gbogbo omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kí ẹ fi omi tó ti tutù bákan náà rọ́pò rẹ̀." Ó tẹnu mọ́ ọn. "Gbogbo rẹ̀, Dádì."

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?"

"Wọ́n á fún ẹlòmíì láyè rẹ."

"Mi ò bi yín nípa àyè mi."

"Tí o bá wá, ohun tí mò ń ṣe yìí náà lo máa ṣe. Màá ṣe é."

Ó fún mi ní nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn, ó ní tó bá burú jù kí n pè wọ́n, wọ́n á pe òun jáde.

Ọjọ́ Ajé, 1 Igbe

Fíríìjì: 8. Ẹ̀gbọ́n mi kó tòmátì àti wàrà rẹ̀ sókè, ó fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́dẹ. Ó lẹ bébà mọ́ ìdérí abọ́ náà: KÌ Í ṢE OÚNJẸ.

"Ta lẹ ń kọ ọ́ fún? Èmi àti ẹ̀yin nìkan ló wà nílé."

"Ara mi ni mò ń kọ ọ́ fún. Ebi máa ń pa mí kí ojú mi tó là dáadáa."

Ètò mi báyìí: mo jí ní aago márùn-ún. Mo pààrọ̀ omi Ọlọ́dẹ. Mo fi oògùn búlúù wẹ̀ ẹ́ nínú abọ́ rẹ̀, mo fi omi mìíràn ṣan án, mo dá a padà sínú fíríìjì. Mo fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Lẹ́yìn náà Aláfẹ́, tí mo ti dá padà sínú àpótí tí mo fọ̀. Mi ò fi ọwọ́ tí mo fi kan Ọlọ́dẹ kan Aláfẹ́. Ìrọ̀lẹ́, ètò kan náà.

Ọjọ́bọ̀, 4

Fíríìjì: 7. Ọjọ́ kẹjọ nìyí tí kò jẹun. Ìka ọwọ́ mi ti di búlúù. Ọ̀gá ní kí n má fọwọ́ kan aṣọ funfun, aṣọ dúdú ló ń fún mi lọ̀, owó rẹ̀ sì kéré.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Fíríìjì: 7. Ìyẹ́ àárín já kúrò. Mo rí i nínú omi láàárọ̀, òwú wé mọ́ ọn. Mo fi ṣíbí yọ ọ́. Ó ku márùn-ún.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Mo ka nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ náà fún un. Mo sọ ti ìyẹ́ tó já. Ó ní wọ́n máa ń hù padà, ìyẹ́, ẹsẹ̀, ìrù, tí ẹranko náà bá ti lè yè. Kò bi mí bí mo ṣe wà. Nígbà tó fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ ó ní, "Ṣé ẹ ń jẹun?" Mo ní mò ń jẹun. Ó ní kí n fún ẹ̀gbọ́n mi ní fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́."

Ọjọ́rú, 10

Fíríìjì: 7. Ó jẹun. Mo gé ekòló sí mẹ́ta, mo fi ẹ̀mú mú ẹyọ kan, mo mì í níwájú ẹnu rẹ̀. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjèèjì dúró níwájú fíríìjì tó ṣí sílẹ̀, títí tó fi ní à ń fi iná ṣòfò.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Fíríìjì: 7. Àpótí: 17. Ó rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Wọ́n jẹ́ kí ọmọ mi wa ọkọ̀ tó ní èrò nínú fún ibùdókọ̀ mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ gbọ́ nọ́ńbà tán kó tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Fíríìjì: 7. Òwú tún ti yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí mi ò ti rí i tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ wú. Mo pe ẹlẹ́ja. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin, mo dá a lóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kò sí ohun tí mi ò ṣe mọ́. Ó ní, "Ẹ má fi iyọ̀ kún un o, Bàbá." Mo ní mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ọlọ́dẹ kú. Mo rí i ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò lè di ojú, nítorí náà ojú rẹ̀ kọ́ ni mo fi mọ̀. Mo ti abọ́ náà díẹ̀, omi mì, òun náà bá omi mì.

Mo dúró di aago mẹ́jọ tí ọ́fíìsì wọn ṣí. Wọ́n lọ pè é.

"Dádì."

"Ó ti lọ."

"Fíríìjì ńkọ́?"

"Méje."

"Omi àná?"

"Mo pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́."

Ó mí sínú fóònù. "Ẹ ṣe é bó ṣe yẹ, láti ọjọ́ kìíní Igbe."

Mo gbọ́ pé kò ka ti Ẹrẹ́nà mọ́ ọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

"Aláfẹ́ ńkọ́?"

"Ìyẹ́ mẹ́fà. Ó jẹ méjì lánàá."

"Ẹ lọ síbi iṣẹ́. Èmi náà ń padà sí kíláàsì."

Mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo sin ín sábẹ́ òdòdó lẹ́yìn ilé kí n tó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá mi gbẹ́ ilẹ̀ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Mo kó gbogbo ohun tó kan Ọlọ́dẹ, abọ́ méjì, àwọ̀n, ẹ̀mú, mo dà wọ́n nù. Ẹ̀gbọ́n mi ní omi gbígbóná tó láti fọ̀ wọ́n. Bóyá ó tó. Mi ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa tún sọ pé ó tó.

Àpótí: 17.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27

Ó dé ní ọ̀sán. Ó ti rù díẹ̀, wọ́n fún un ní kóòtù tó ní bọ́tìnnì wúrà, apá rẹ̀ gùn jù. Mo ní kó bọ́ ọ kí n bá a lọ̀ ọ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí fún ìgbà pípẹ́, Aláfẹ́ sì wá sí ibi tó wà bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi ibi tí a sin ìkejì sí hàn òun. Ó dúró níbẹ̀ ní òun nìkan.

Nígbà tó wọlé, ó béèrè ìwé yìí. Mo fún un. Ó jókòó nídìí tábìlì, ó kà á láti ojú ìwé kìíní. Mo mọ ibi tó dé nípa bó ṣe ń ṣí i. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ó fi ọwọ́ lé e, ó dúró.

"Inú yín dùn sí ara yín," ó ní.

"Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

"Ẹ ò bá ti ya á dànù."

"Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi bu oúnjẹ wá. A jókòó, a jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 28

Àpótí: 17.

Ó fún mi ní ìròyìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ojú ọ̀nà irin tí wọ́n fún un jìnnà, ìrìn wákàtí mẹ́sàn-án. Àwọn mẹ́rin ló máa sùn nínú yàrá kan, kò sí fíríìjì, ibẹ̀ sì gbóná ju ibí lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a wá ẹni tó lè mú Aláfẹ́. Ẹlẹ́ja á gbà á tí mo bá bẹ̀ ẹ́.

"Mi ò fẹ́ fún ẹlẹ́ja."

"Ta ni, nígbà náà?"

Ó ń fi ìka rẹ̀ tẹ̀lé Aláfẹ́ lára dígí. "Ẹ̀yin."

"Ọwọ́ mi ni ìkejì kú sí."

"Mo mọ̀." Kò wo ojú mi. "Inú ṣì ń bí mi. Ó lè bí mi di ọdún tó ń bọ̀, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì tí mo mọ̀ tó máa fi ọjọ́ méjìdínlógún jí ní aago márùn-ún nítorí ẹ̀." Ó ti ka iye ọjọ́ náà nínú ìwé. Mi ò tíì kà á rí. "Tí nǹkan kan bá tún ṣe é, lọ́jọ́ náà gan-an."

"Lọ́jọ́ náà."

"Kódà tí mo bá wà lórí irin."

"Màá dúró kí o kọ́kọ́ dá ọkọ̀ dúró."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó tì mí ní èjìká bó ṣe ń kọjá. Ó ní òun ni yóò ṣe omi ọ̀la àti ti ọ̀túnla, kí n má jí. Nítorí náà màá sùn di aago méje lẹ́ẹ̀mejì. Láti Ọjọ́rú, èmi ni.